Iṣẹ́ Tí Mo Fi Ẹnu Ṣe ní Monrovia

Òkùnkùn

Ẹ̀rín ni ohun àkọ́kọ́ tó bà mí lẹ́rù ní Làìbéríà. Bàálù tí mo wọ̀ láti Accra balẹ̀ nígbà tí oòrùn ń wọ̀, nígbà tí a ó sì fi bọ́ sí títì tó lọ sí Monrovia, ilẹ̀ ti ṣú biribiri. Ọmọ Ìbàdàn ni mí; kò sí ẹni tí yóò kọ́ mi ní ohun tí à ń pè ní iná lọ. Ṣùgbọ́n ní Ìbàdàn, bí iná bá lọ, a máa ń retí pé yóò dé, a ó sì máa bú àwọn tó mú un lọ. Lójú ọ̀nà tí mo ń sọ yìí, kò sí ẹni tó ń retí iná, kò sì sí ẹni tó ń bú ẹnikẹ́ni. Ogun ti parí ní ọdún díẹ̀ ṣáájú. Ó ti fa gbogbo wáyà já, ó sì fi àwọn òpó sílẹ̀ ní ìdúró lọ́tùn-ún lósì, wọn kò gbé ohunkóhun dání. Inú òkùnkùn yẹn ni mo ti ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn ènìyàn tí n kò rí. Àwọn obìnrin ń rẹ́rìn-ín nídìí àtùpà kékeré níwájú ilé, àwọn ọkùnrin tó ń fẹsẹ̀ rìn lẹ́bàá títì ń ju ọ̀rọ̀ sí ara wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo rọra yẹ gíláàsì ọkọ̀ wò bóyá ó tì dáadáa.

Díákónì Akínwándé ni ó wá pàdé mi. Òun ni ó ni ilé ẹja dídì tí mo wá ṣiṣẹ́ fún. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀, oníṣòwò tó ti kúrò nílé láti ìgbà èwe. Ọmọ Làìbéríà ni ìyá rẹ̀. Monrovia ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ni ó sì dàgbà sí. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, bí a sì ti fẹ́ tú ọwọ́ wa sílẹ̀, ó fi ìka àárín rẹ̀ ta tèmi, ó dún pá. Mo fa ọwọ́ mi sẹ́yìn bí ẹni tí iná mànàmáná gbé. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kí ara wọn níbẹ̀, àti pé ẹni tí ìka rẹ̀ kò bá dún, wọn yóò rò pé inú rẹ̀ kò dùn sí wọn ni.

Yorùbá Díákónì já gaara, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀wọ̀ nínú rẹ̀ rárá. "Ìwọ ni Láyí? Ṣé o ti jẹun?" Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń bá tọmọdé tàgbà sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ tí mo lò níbẹ̀, mo gbọ́ tó ń sọ fún pásítọ̀ ìjọ wa, ẹni tí gbogbo irun orí rẹ̀ ti funfun, pé, "Ìwàásù rẹ dára, ṣùgbọ́n o pẹ́ jù." Àyà mi já. Pásítọ̀ kàn ń mi orí ní tirẹ̀. Ó pẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tó yé mi: ẹnu bàbá rẹ̀ ni Díákónì ti kọ́ èdè náà, bàbá tó ń bá ọmọ sọ̀rọ̀. Kò sí ọmọ Yorùbá mìíràn nínú ilé tí ì bá gbọ́ bí a ṣe ń dá bàbá lóhùn.

Ó yẹ kí n sọ ohun tó gbé mi débẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń mú nǹkan dì ni mò ń tún ṣe. Mo ní iṣẹ́ tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Ìbàdàn, mo sì ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àgbà ní Mọ́kọ́lá ní ìrọ̀lẹ́, nítorí pé mo fẹ́ mọ ìdí tí ohun tí mò ń ṣe fi ń ṣiṣẹ́. Díákónì gbọ́ nípa mi láti ẹnu ará ìjọ kan. Ó ní òun yóò gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ fún mi lọ́wọ́ ìjọba Làìbéríà, kò ní ju oṣù méjì lọ, àti pé bí ìwé bá ti jáde, ìyàwó mi Mojí àti àwọn ọmọ wa méjèèjì lè wá bá mi. Nítorí ọ̀rọ̀ yìí ni mo ṣe kọ̀wé fi iṣẹ́ Ìbàdàn sílẹ̀. Èmi tí n kì í ki ẹsẹ̀ bọ omi tí n kò wọn jíjìn rẹ̀, mo ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ ọ́. Bí ìwé yẹn kò bá jáde, n kò ní ibi tí mo fẹ́ padà sí.

Ewé

Duport Road ni Díákónì fi mí wọ̀ sí, nínú yàrá kan lẹ́yìn ilé ìyá rẹ̀. Ol' Ma ni gbogbo àdúgbò ń pe ìyá náà, bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo ìyá àgbà níbẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un. Ó pariwo pé kí wọ́n wá gbé mi, ó rò pé mo ṣubú ni.

Ìrẹsì ni ó gbé síwájú mi, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ tútù yọ̀yọ̀ kan tó kún fún epo pupa, ẹja àti adìyẹ. Ó dùn tó bẹ́ẹ̀ tí n kò fi béèrè nǹkan kan títí abọ́ fi mọ́. Nígbà tí mo wá béèrè irú ẹ̀fọ́ tó jẹ́, Ol' Ma nawọ́ sí ẹ̀yìnkùlé. Ewé ẹ̀gẹ́ ni. Mo la ẹnu sílẹ̀. Mo sọ fún un, pẹ̀lú gbogbo ọ̀wọ̀ tí mo lè kó jọ, pé nílé tiwa, ewúrẹ́ ni à ń já ewé yìí fún.

Díákónì túmọ̀ rẹ̀, ìyá náà sì rẹ́rìn-ín títí gèlè fi fẹ́ẹ̀ bọ́ lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó sọ̀rọ̀ kan jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń sọ ohun tó rà lọ́jà. Ó ní nígbà ogun, ewé yìí ni ó gba àwọn. Ewúrẹ́ ti tán ní tirẹ̀, ìrẹsì ti tán, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ òun ọkùnrin ti lọ. Ewé ẹ̀gẹ́ kò tán. Ó sì tún bu ìrẹsì sí i fún mi. Ní ìlú yẹn, ọ̀rọ̀ tí yóò mú wa sunkún nílé ni wọ́n máa ń sọ láàárín òkèlè méjì.

Ìrẹsì náà jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Mo jẹ iṣu àti ẹyin láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo tún jẹ búrẹ́dì lọ́sàn-án. Ol' Ma bi mí bóyá mo ti jẹun, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo sì ka gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ó wò mí pẹ̀lú àánú. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí n kò tíì jẹ ìrẹsì, n kò tíì jẹun.

Bí mo ṣe ń rìn káàkiri ìlú, ojú mi kì í kúrò lára ògiri. Kò sí ilé tí ọta ìbọn kò kọ nǹkan sí lára. Ẹ̀bá ilé iṣẹ́ wa ní Vai Town ni aránṣọ kan wà tó ti ki igi róbótó bọ inú àwọn ihò ọta náà, ó fi ń gbé ẹ̀wù tó rán kọ́. Ó tilẹ̀ fi hàn mí pé àwọn ihò tó wà lókè bá ẹ̀wù gígùn mu, àwọn ti ìsàlẹ̀ sì bá ti ọmọdé mu. N kò mọ ojú tí mo fẹ́ fi wò ó.

Ohùn mi máa ń tú mi fó nínú ọkọ̀. Àwọn ará ibẹ̀ máa ń gé ìparí ọ̀rọ̀ jẹ nígbà tí wọ́n bá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Tèmi máa ń jáde odindi. Ọkùnrin kan yíjú sí mi nínú takisí lórí afárá, ó bi mí bóyá ọmọ Nàìjíríà ni mí. Ó ní àwọn ará wa tó jẹ́ sọ́jà ni ó gba ẹ̀mí òun là nígbà ogun, òun sì dúpẹ́. Ó wá bi mí ní iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Mo ní firísà ni mò ń tún ṣe. Ó ní, "Háà, bọ̀ọ́dà mi. Ọ̀kan nínú àwọn ará yín gbé firísà màmá mi lọ. Ṣé ìwọ ni wọ́n ní kó dá a padà?" Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín, èmi náà sì rẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ń tì mí nítorí ẹni tí n kò mọ̀.

Ó ń bọ̀

Àwa ọmọ ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà kì í gba físà kí a tó wọ Làìbéríà. Èyí ni ó tan ọ̀pọ̀ nínú wa jẹ. Wíwọlé kò le. Ṣíṣe iṣẹ́ ni ó le. Kí ìjọba tó fún àjèjì ní ìwé àṣẹ iṣẹ́, ẹni tó fẹ́ gbà á ní láti kọ́kọ́ kéde iṣẹ́ náà lórí rédíò fún àwọn ọmọ ilẹ̀ wọn. Bí kò bá sí ẹni tó mọ̀ ọ́n, wọn yóò ní kí ó fi ọmọ ilẹ̀ kan sí ẹ̀gbẹ́ àjèjì náà, kí ó máa wo ọwọ́ rẹ̀, kí ó máa kọ́ṣẹ́. Mo ka òfin yìí dáadáa, n kò rí àléébù nínú rẹ̀. Ènìyàn tí ogun lé kúrò nílé ìwé, tó padà dé tó bá àjèjì lórí gbogbo iṣẹ́, ó yẹ kí ẹnìkan rò tirẹ̀.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni bí àkókò ṣe ń rìn lọ́wọ́ wọn. Oṣù méjì Díákónì kọjá, mo lọ béèrè. Wọ́n fún mi ní àga, wọ́n bi mí bóyá mo ti jẹun, wọ́n ní ó ń bọ̀. Ẹni tó ń fọwọ́ sí i ti lọ sí ìgbèríko. Nígbà tí ó dé, òjò ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ kò tíì rí òjò bí ẹ kò bá tíì dé Monrovia. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni ó lè fi rọ̀ bí ẹni pé ẹnìkan gbàgbé ẹ̀rọ omi sílẹ̀ ní ọ̀run. Òrùlé ọ́fíìsì ń jò, wọ́n kó gbogbo fáìlì lọ sí ilé mìíràn, kò sì sí ẹni tó lè sọ inú àpótí tí tèmi wà. Wọ́n rí i. Nígbà náà ni wọ́n gbé ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ lọ sí ẹ̀ka mìíràn. Mo tún lọ, wọ́n tún fún mi ní àga.

Kò sí ẹni tó jágbe mọ́ mi rí. Kò sí ẹni tó tẹ́wọ́ kí n fi nǹkan sí i. Ìwà pẹ̀lẹ́ yẹn ni ó fẹ́ pa mí, nítorí pé n kò rí ẹni tí mo lè bá jà. Ohùn Mojí lórí fóònù nìkan ni ó ń le sí i. "Bàbá Tóbi, ṣé ìwé náà ń bọ̀ ni, àbí ẹ ti di ará ibẹ̀?" Mo ní ó ń bọ̀. Lẹ́yìn tí mo gbé fóònù sílẹ̀ ni mo gbọ́ ohùn ara mi pé ohùn wọn ni mo fi sọ ọ́.

Ẹnu ọ̀nà

Pásítọ̀ ti sọ ìtàn káfíńtà kan fún wa, ọmọ Nàìjíríà bíi tiwa, tí àwọn alábẹ̀wò ìjọba bá lórí àga gíga pẹ̀lú òòlù lọ́wọ́ láìní ìwé. Wọ́n dá a padà sílé, wọ́n sì ní kó má ṣe wá mọ́. Láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́ ìtàn náà ni mo ti pinnu. Títí ìwé mi yóò fi jáde, ọwọ́ mi kò ní kan ẹ̀rọ kankan ní Làìbéríà. Mo gbé àga sí ẹnu ọ̀nà yàrá tí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ tó ń mú ẹja dì wà, mo jókòó sí ìta, mo sì fi ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún níbi tí ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá lè rí wọn. Díákónì bínú. Ó ní òun kò mú mi wá láti wá jókòó bí ọba. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n máa fi ẹnu sọ ọ́, kí ẹlòmíràn máa fọwọ́ ṣe é.

Ẹlòmíràn náà ni Hawa. Ọmọ ẹ̀yà Vai ni, ó tó ẹni ogójì ọdún, ó fi díẹ̀ jù mí lọ. Ó ti ń di ẹja sínú páálí nínú ilé iṣẹ́ náà kí n tó dé, ó sì ń fi owó rẹ̀ bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta. Díákónì fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba pé òun ni ọmọ ilẹ̀ tí yóò máa kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, nítorí pé ó mọ̀wé kà. Lójú Díákónì, orúkọ lásán ni wọ́n ní láti kọ síbẹ̀.

Báyìí ni a ṣe bẹ̀rẹ̀. Èmi yóò wí láti ìta pé, "Tú nọ́ọ̀tì ti òsì. Má tú u tán. Dúró. Kí ni o gbọ́?" Òun yóò dáhùn láti inú pé ó ń súfèé. "Nígbà náà gáàsì ń jò níbẹ̀. Fi omi ọṣẹ sí i, kí o wò ó bí yóò hó." Nítorí pé n kò lè rí ohun tó ń ṣe, mo ní láti sọ gbogbo rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, títí kan ohun tí ọwọ́ mi mọ̀ tí ẹnu mi kò sọ rí láyé. Nítorí pé òun náà kò lè ní kí n bọ́ síbẹ̀ kí n fi hàn òun, ó ní láti lóye rẹ̀ tán kí ó tó gbé ọwọ́.

Àwọn obìnrin tó ń di ẹja kò jẹ́ kí a sinmi. Hawa fúnra rẹ̀ ni ó burú jù. Ní ọjọ́ kan tí ọwọ́ rẹ̀ dúdú dé ìgúnpá, ó yọ orí jáde, ó wo ẹ̀wù funfun mi. Ó ní, "Láyí, o ní ìwọ ni ọkọ ẹ̀rọ yìí. Irú ọkọ wo ni kì í fọwọ́ kan ìyàwó rẹ̀?"

Mo ní ìwé ìgbéyàwó kò tíì jáde ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí Díákónì fi sáré wá wò bóyá nǹkan ṣẹlẹ̀.

Nígbà tí òjò fẹ́ dá, ẹ̀rọ dákẹ́ ní ọ̀sán kan nígbà tí ẹja tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ọkọ̀ ojú omi, yàrá òtútù kún dé òrùlé. Mo sáré wá sí ẹnu ọ̀nà, mo ya ẹnu láti sọ ohun tí yóò kọ́kọ́ ṣe. Kí n tó sọ ọ́, mo gbọ́ sípánà lára ibi náà gan-an. Mo ya ẹnu láti sọ èkejì, ó ti wà lórí rẹ̀. Mo dúró gbọ́ títí ó fi parí rẹ̀, bí ẹni tó ń gbọ́ èrò ọkàn ara rẹ̀ nínú yàrá mìíràn. Ẹ̀rọ náà kùn, ó mú. Ara mi bù máṣọ, lẹ́yìn náà ni inú mi dùn. Inú dídùn yẹn ni mo bá sùn. Kò wá sí mi lọ́kàn rárá pé ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ kan ìwé mi.

Àwọn àgbà tó ń kà á sókè

Hawa ni ó mú mi lọ sí kíláàsì ìrọ̀lẹ́ ní Jallah Town. Mo ti sọ fún un pé ó ń dùn mí pé mo já tèmi sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Inú ilé ìjọsìn kan ni wọ́n ti ń ṣe é, wọ́n gbé pátákó síwájú pẹpẹ. Mo rò pé èmi ni n ó dàgbà jù níbẹ̀.

Mo wọlé, mo sì fẹ́ padà jáde. Bàbá tó lè bí mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú ìwé ìkọ̀wé ọmọdé lórí itan rẹ̀. Àwọn ìyá tí irun wọn ti funfun ń pín pẹ́ńsùlù. Olùkọ́ wọn kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ó ní kí bàbá kan dìde, kí ó sọ ìsọdipúpọ̀ méje. Bàbá náà dìde, ó fi ọwọ́ sẹ́yìn bí ọmọ iléèwé, ó ń sọ ọ́ lọ. Ó kọsẹ̀ nínú rẹ̀, ó dákẹ́, ó pa ojú dé, ó sì rí i. Gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́. Omi bọ́ lójú mi. Ní Mọ́kọ́lá, ẹni tó pẹ́ ni a máa ń pe ara wa. Níbí, odindi ìlú ni ó pẹ́, wọ́n sì jọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà.

Hawa sọ fún mi pé kíláàsì kẹrin ní ilé ẹ̀kọ́ girama ni òun wà nígbà tí ogun dé. Òun fẹ́ jẹ́ nọ́ọ̀sì nígbà náà. Ó ní òun kò rò pé òun tún lè mọ nǹkan kan tí ẹlòmíràn yóò máa wá òun nítorí rẹ̀.

Ìbéèrè

Ọdún fẹ́rẹ̀ẹ́ yí ká kí wọ́n tó ránṣẹ́ pè wá. Ìwé ti jáde; ó ku kí ọ̀gá kan bi wá ní ọ̀rọ̀ díẹ̀ kí ó tó tẹ òǹtẹ̀ lé e. Mo pe Mojí. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù púpọ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó sì bi mí bóyá kí òun kó ìkòkò òun wá tàbí ìkòkò wà níbẹ̀.

Díákónì fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé wa lọ. Nínú ọkọ̀, ó sọ ohun tí a ó wí fún wa. Ó ní bí wọ́n bá béèrè, kí a sọ pé ó ku bí ọdún méjì kí Hawa tó mọ iṣẹ́ náà. Ó ní, "Irọ́ kọ́. Ta ni ó mọ iṣẹ́ tán?" Hawa ń wo ìta láti ojú fèrèsé. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi, ó sì bà mí lójijì bí omi dídì lẹ́yìn ọrùn: ohun tí wọ́n fẹ́ béèrè nìyẹn. Nítorí pé kò sí ọmọ ilẹ̀ tó lè ṣe é ni wọ́n ṣe fẹ́ fún mi ní ìwé.

Ọ̀gá náà jẹ́ àgbàlagbà tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ìwé mi wà lórí tábìlì rẹ̀ pẹ̀lú fọ́tò mi lára, òǹtẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Hawa ni ó kọ́kọ́ kọjú sí. Ó bi í pé bí ẹ̀rọ bá dákẹ́ lónìí, ta ni yóò tún un ṣe?

Hawa nawọ́ sí mi. Ó ní, "Òun ni. Èmi kò tíì mọ̀ ọ́n. Mo kàn máa ń mú sípánà fún un ni."

Mo yíjú wò ó. Kò wò mí. Èmi tí n kò di sípánà mú rí láti ìgbà tí mo ti wọ ìlú wọn. Ó mọ̀ pé mo mọ̀. Bí mo bá gba ìwé, iṣẹ́ ẹja dídì sínú páálí ni yóò padà sí nígbàkúùgbà tí Díákónì bá fẹ́, pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta, ó sì jókòó síbẹ̀, ó ń ju iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún mi bí ẹni tó ń gbé abọ́ oúnjẹ síwájú àlejò. N kò tíì rí i kí ẹni tí kì í ṣe ìbátan mi ṣe irú rẹ̀ fún mi rí.

Ọ̀gá wá yíjú sí mi. Ó ní, "Ìwọ ńkọ́, ọ̀rẹ́ mi? Bí o bá wọ bàálù lọ́la, ṣé ẹja yóò bàjẹ́?"

Mo ronú nípa Mojí àti ìkòkò rẹ̀. Mo wo Díákónì. Bàtà rẹ̀ ni ó ń wò. Ènìyàn tó ń ṣọ́ra ni mí. N kì í dáhùn ohun tí n kò tíì dán wò. Ṣùgbọ́n èyí, mo ti dán an wò lójoojúmọ́ láti ẹnu ọ̀nà yẹn.

Mo ní, "Kò ní bàjẹ́, sà. Láti ọjọ́ tí mo ti dé, ọwọ́ mi kò kan ẹ̀rọ yẹn rí. Ọwọ́ obìnrin yìí ni ó ń tún un ṣe."

Ó gbé bírò sílẹ̀. Ó bi mí pé kí ló dé tí ọwọ́ mi kò fi kàn án.

Mo ní, "Ìwé yín ni mò ń retí, sà."

Ó wo ìwé náà, ó wo Hawa, ó tún wo àwọn fáìlì tó tò dé ojú fèrèsé. Ó ní, "Ká ní a tètè fún ọ ní ìwé, ìwọ ni ì bá máa ṣe iṣẹ́ náà." Kò rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀ mí, gẹ́gẹ́ bí àgbà ṣe ń bẹ ọmọ, kí n má bínú. Lẹ́yìn náà ó gbé òǹtẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀, ó sì ní kí Hawa sún àga rẹ̀ mọ́ tábìlì.

Afárá

Díákónì wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ láìdúró dè wá. Èmi àti Hawa fẹsẹ̀ rìn padà sí Vai Town. A dé orí afárá, níbi tí atẹ́gùn òkun ti ń fẹ́. Ibẹ̀ ni ó ti yíjú sí mi, inú sì ń bí i gidigidi. Ó ní ta ni ó rán mi. Òun ti sọ ọ́ tán, ó ti parí, kí ni mo tún ń la ẹnu sí? Ó ní òun wà nílé òun, kò sí ẹni tí yóò lé òun padà síbì kankan. Èmi ni mo ní ìyàwó tó ń dúró lókè òkun.

Mo ní, "Ó bi mí ní ìbéèrè ni."

Ó ní, "O kò gbọ́n, Láyí." Ó sunkún díẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, a sì ń lọ.

N kò ní purọ́ fún ẹ̀yin tí ẹ wà nílé. Ó dùn mí, ó sì ń dùn mí títí di òní. Iṣẹ́ tí mo fi sílẹ̀ ní Ìbàdàn ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn kí n tó padà. Iwájú ilé wa ni mo ti ń tún firísà ṣe nísinsìnyí. Mojí gbọ́ gbogbo ìtàn náà, kò bá mi jà, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí ó tó tún bi mí ní ohunkóhun nípa Monrovia. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ìwé iṣẹ́ kò ní ju oṣù méjì lọ, ẹ má ṣe pè é ní òpùrọ́. Ẹ kàn má ṣe tètè kọ̀wé fi iṣẹ́ yín sílẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí mo lọ, awakọ̀ ya ilé iṣẹ́ wa kí n lè dágbére. Mo ti kí gbogbo wọn tán, mo ti wọnú ọkọ̀, awakọ̀ ń fi okùn di àpótí mi lẹ́yìn, nígbà tí ẹ̀rọ ṣàdédé dákẹ́. Àwọn obìnrin tó ń di ẹja dúró. Gbogbo wọn yíjú wo ojú fèrèsé ọkọ̀ níbi tí mo wà. Mo ti gbọ́ bí ó ṣe dákẹ́, mo sì mọ ohun tó ṣe é. Ọ̀rọ̀ náà ti wà ní ètè mi. Láti inú yàrá tí Hawa wà, mo gbọ́ ìró irin kan, lẹ́yìn náà ìkejì.

Mo pa ẹnu mi dé. Ẹ̀rọ náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í kùn kí awakọ̀ tó wọlé, àwọn obìnrin sì padà sídìí iṣẹ́ wọn.